Aṣọ Ìkélé Kì í Ṣe Àgádágodo: Iṣẹ́ Lámèyítọ́ lórí Ojú-Ìwòye nínú Àwòṣe Dátà Adventure Works

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ nípa ojú-ìwòye kì í ṣe àjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ pé ìtàn kì í dá ara rẹ̀ sọ. Ẹnìkan ni ó ń sọ ọ́, ibi tí ẹni náà sì dúró sí ni ó ń pinnu ohun tí òǹkàwé yóò rí. Asọ̀tàn arínúróde mọ ohun tí ó wà nínú ọkàn gbogbo ẹ̀dá-ìtàn, ṣùgbọ́n asọ̀tàn tí ó ń lo ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ẹnìkínní kò lè kọjá ohun tí ojú rẹ̀ rí tàbí ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tí ó jáde ní 1938, ohun tí Àkàrà-ògùn sọ fún ẹni tí ó ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀ ni òǹkàwé ní lọ́wọ́. Ohun tí kò sọ, kò sí. Kò sí Igbó Irúnmalẹ̀ mìíràn lẹ́yìn ìwé náà tí òǹkàwé lè gba ojú fèrèsé wọ̀ lọ láti wo ohun tí ọdẹ náà fi pamọ́.

Èrò tí ó jọ èyí wà nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń ṣe ìtúpalẹ̀ dátà òwò wọn, ẹni tí ó to dátà jọ lè gé apá kan nínú rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ó sọ ọ́ lórúkọ, kí ó sì gbé e ka iwájú àwọn tí yóò lò ó. Microsoft pe irú apá bẹ́ẹ̀ ní Perspective nínú Analysis Services. Ojú-ìwòye ni àpilẹ̀kọ yìí ń pè é. Ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàárín ojú-ìwòye ti lítíréṣọ̀ àti ti dátà. Ohun tí ojú-ìwòye dátà kò fi hàn wà níbẹ̀ gbágbágbá, ó ń ṣiṣẹ́, yóò sì dá ẹni tí ó bá mọ orúkọ rẹ̀ lóhùn. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ Adventure Works, tí Microsoft ṣe fún àwọn tí ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń to àwòṣe dátà, kò jẹ́ kí ó hàn sí akẹ́kọ̀ọ́ bí ó ti yẹ. Àlàyé Microsoft sọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tí ẹ̀kọ́ náà lò ń sọ òdì kejì rẹ̀.

Àwòṣe dátà àti ìdí tí wọ́n fi ń gé e

Dátà ilé-ẹ̀kọ́ kan kì í wà lójú kan ṣoṣo. Orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú tábìlì kan, owó tí wọ́n san wà nínú òmíràn, máàkì ìdánwò wọn sì wà nínú ẹ̀kẹta. Tábìlì kọ̀ọ̀kan ní òpó tí ó dúró àti ìlà tí ó dùbúlẹ̀. Àwòṣe dátà ni ètò tí ó ń sọ bí àwọn tábìlì wọ̀nyí ṣe so mọ́ ara wọn, tí ó ń fún àwọn òpó ní orúkọ tí ènìyàn lè kà kí ó yé e, tí ó sì ti ṣètò ìṣirò tí gbogbo ènìyàn yóò lò sílẹ̀, irú bí àpapọ̀ owó tí ó wọlé. Ìṣirò tí wọ́n ti ṣètò sílẹ̀ báyìí ni òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó fẹ́ mọ iye tí ó wọlé ní sáà kan kò nílò èdè kọ̀ǹpútà kankan. Yóò ṣáà fa orúkọ òpó àti òṣùwọ̀n sínú Excel, ìdáhùn yóò sì jáde.

Bí àwòṣe bá ti ń dàgbà ni ó ń di igbó. Ẹ̀ka ìnáwó á fi tirẹ̀ kún un, ẹ̀ka ìgbaniwọlé á fi tirẹ̀ kún un, àwọn òpó tí kọ̀ǹpútà nìkan nílò láti fi so tábìlì mọ́ tábìlì náà á sì pọ̀ sí i. Akápò tí ó wá béèrè ọ̀rọ̀ kan péré yóò bá ọgọ́rùn-ún orúkọ pàdé lójú kọ̀ǹpútà, yóò sì mú èyí tí kì í ṣe òun. Àánú ni ojú-ìwòye jẹ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi àmì sí ìwọ̀nba ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ kàn, wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ, òun náà á sì rí ohun tí ó ń wá. Ohun mìíràn tí ó dára nínú rẹ̀ ni pé àwòṣe kò pín sí méjì. Àpapọ̀ owó tí akápò rí nínú ojú-ìwòye tirẹ̀ àti èyí tí ọ̀gá àgbà rí nínú tirẹ̀ jẹ́ òṣùwọ̀n kan náà, tí wọ́n ṣètò ní ibi kan náà. Ẹni tí ó bá ti rí ẹ̀ka méjì tí wọ́n gbé ìwé méjì wá sí ìpàdé kan, tí àròpọ̀ wọn kò sì dọ́gba, yóò mọ iyì ohun tí wọ́n ṣe yìí.

Ibi tí àṣìmú ti wá

Ẹni tí ó rò pé ohun tí òun kò rí ni òun kò ní ẹ̀tọ́ sí kì í ṣe òmùgọ̀. Ìtàn iṣẹ́ yìí ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ní 1970 ni E. F. Codd, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún IBM ní San Jose ní Amẹ́ríkà, tẹ iṣẹ́ rẹ̀ lórí títo dátà sínú tábìlì jáde. Láàárín ọdún mẹ́wàá náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM kọ́ System R láti fi dán èrò náà wò, láti ibẹ̀ sì ni èdè SQL ti jáde. Èdè yìí fún ẹni tí ó ni tábìlì láyè láti dá ohun tí wọ́n ń pè ní View sílẹ̀, èyíinì ni ìwò. Ìbéèrè kan ni ìwò jẹ́ tí wọ́n sọ lórúkọ, tí ó sì dà bí tábìlì lójú ẹni tí ó ń lò ó.

Nínú System R, iṣẹ́ méjì ni ìwò ń ṣe. Ó ń mú kí dátà rọrùn láti kà, ó sì ń ṣọ́ ilé. Ẹni tí ó ni tábìlì òṣìṣẹ́ lè ṣe ìwò tí òpó owó oṣù kò sí nínú rẹ̀, kí ó fún akọ̀wé ní ẹ̀tọ́ sí ìwò náà, kí ó má sì fún un ní ẹ̀tọ́ sí tábìlì gan-an. Bí akọ̀wé náà bá tilẹ̀ mọ orúkọ tábìlì, tí ó sì pè é, kọ̀ǹpútà yóò lé e padà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ìwò SQL jẹ́ ojú, ó sì jẹ́ ààbò lẹ́ẹ̀kan náà.

Ààbò náà kò tilẹ̀ fi ìgbà gbogbo pé. Nínú PostgreSQL, aṣàmúlò tí ó bá gbọ́n lè kọ ìṣirò kékeré kan sínú ìbéèrè rẹ̀. Kọ̀ǹpútà, níbi tí ó ti ń wá ọ̀nà àbùjá kí iṣẹ́ lè yá, lè ṣe ìṣirò yìí lórí gbogbo ìlà kí ó tó yọ àwọn ìlà tí kò yẹ kí aṣàmúlò náà rí kúrò. Ìṣirò náà yóò sì tú ohun tí ó rí sí ìta. Ẹ̀dà 9.2 tí ó jáde ní 2012 ni ó gbé àtúnṣe wá, tí ẹni tí ó ń ṣe ìwò fi lè pàṣẹ pé kí yíyọ ìlà ṣáájú ìṣirò aṣàmúlò. Ohun tí ó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni ìwà àwọn tí ó ṣe àtúnṣe náà. Wọ́n gbà pé ìlẹ̀kùn ni ìwò, nígbà tí wọ́n sì rí i pé ó ń jò, wọ́n dí i.

Àwọn ètò ìtúpalẹ̀ òwò gba ọ̀nà mìíràn. Business Objects, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1990, tí SAP sì kéde ní 2007 pé òun yóò rà, fi orúkọ tí oníṣòwò mọ̀ bo orúkọ òpó tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan mọ̀. Wọ́n pe irú àwòṣe bẹ́ẹ̀ ní Universe, àgbáńlá ayé. (Orúkọ yìí tóbi jù fún ohun tí ó jẹ́ pé ẹnìkan ni ó jókòó yan ohun tí yóò wọ inú rẹ̀ àti ohun tí yóò ṣẹ́kù síta.) Nígbà tí Microsoft fi ojú-ìwòye kún Analysis Services ní ẹ̀dà ọdún 2005, ìrísí ìwò SQL ni ó gbé wọ̀ ọ́. Ó ní orúkọ tirẹ̀, ó ń hàn lójú Excel bí ẹni pé àwòṣe odindi ni. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀tọ́ tí ó dá dúró. Ẹ̀tọ́ tí aṣàmúlò ní lórí àwòṣe gbogbo ni ó ní lábẹ́ ojú-ìwòye èyíkéyìí. Àlàyé tí Microsoft ṣe kò fi èyí pamọ́: ó sọ ní gbangba pé ojú-ìwòye wà fún ìrọ̀rùn aṣàmúlò, pé kò wà fún ààbò. Ó jogún ojú ìwò SQL, kò jogún àgádágodo rẹ̀. Aṣọ ìkélé ni.

Ìfipamọ́ mẹ́ta nínú ẹ̀kọ́ kan

Adventure Works jẹ́ iléeṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ológeere tí kò sí rí. Microsoft ni ó dá a láti fi kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́. Dátà rẹ̀ pọ̀ tó láti jọ òótọ́: nínú àká dátà tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ìtúpalẹ̀, àwọn oníbàárà tí ó ń rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ 18,484, wọ́n wá láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà, ìlà ọjà tí wọ́n rà sì jẹ́ 60,398. Nínú ẹ̀kọ́ tí ó bá Analysis Services ti ọdún 2017 mu, tábìlì méje ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kó wọlé. Méjì nínú wọn ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé jù: DimCustomer tí ó jẹ́ ti oníbàárà, àti DimGeography tí ó jẹ́ ti ìlú àti orílẹ̀-èdè. FactInternetSales ni tábìlì ọjà títà fúnra rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ka ẹ̀kọ́ náà bí lámèyítọ́ ti ń ka ìtàn àròsọ yóò rí i pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi nǹkan pamọ́ nínú rẹ̀, ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì yàtọ̀ síra pátápátá. Wọn kò gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn rí.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ti àkọ́kọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yọ àwọn òpó kan kúrò nínú DimCustomer kí wọ́n má bàa wọ inú àwòṣe rárá: SpanishEducation, FrenchEducation, SpanishOccupation àti FrenchOccupation. Ohun tí wọ́n yọ níbẹ̀ ti lọ. Kò sí ẹni tí ó lè bi àwòṣe léèrè nípa rẹ̀, nítorí kò sí nílé. Ó lè pa olùkọ́ èdè lẹ́rìn-ín pé èdè Sípáníìṣì àti èdè Faransé ni ó kọ́kọ́ jáde nílé, tí nọ́ńbà fóònù, ímeèlì, àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí àti iye owó tí ó ń wọlé fún oníbàárà lọ́dún sì jókòó síbẹ̀ láìsí ẹni tí ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀kọ́ náà ń wá bí àwòṣe yóò ṣe fúyẹ́. Ìbéèrè nípa ohun tí ó yẹ kí iléeṣẹ́ mọ̀ nípa ènìyàn kò sí lọ́kàn rẹ̀ ní àkókò yìí.

Ẹ̀kọ́ kẹjọ ni ti ojú-ìwòye. Ìṣẹ́jú 5 ni wọ́n dá fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò dá ojú-ìwòye kan sílẹ̀, yóò pè é ní Internet Sales, yóò fi àmì sí àwọn tábìlì tí ó yẹ kí ó hàn nínú rẹ̀, yóò sì fi DimCustomer nìkan sílẹ̀ láìfi àmì sí i. Ibí yìí ni àléébù wà. Nínú tábìlì méje, ọ̀kan ṣoṣo ni ó ní orúkọ ènìyàn, fóònù ènìyàn àti àdírẹ́sì ènìyàn nínú. Òun gan-an ni wọ́n mú láti fi ṣe àpẹẹrẹ ìfipamọ́ tí kò ní ààbò nínú. Wọn kò sì ṣàlàyé ìdí tí ó fi jẹ́ òun. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní làákàyè yóò wá ìdí fún ara rẹ̀, ìdí kan ṣoṣo tí ó sì bọ́gbọ́n mu ni pé wọ́n ń dáàbò bo àwọn oníbàárà. Bí ó bá jẹ́ tábìlì ìpín ọjà, DimProductSubcategory, ni wọ́n fi pamọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kì bá tí rò bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí olè tí ń jí ìpín ọjà. Yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n kàn ń dín ariwo kù ni. Olùkọ́ tí ó ti dúró níwájú kíláàsì mọ̀ pé àpẹẹrẹ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé lọ sílé. Ìkìlọ̀ a máa dúró sínú ìwé.

Ẹ̀kọ́ kọkànlá ni ti àgádágodo. Níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dá ipò sílẹ̀ fún oríṣiríṣi aṣàmúlò. Ọ̀kan nínú àwọn ipò náà wà fún olùtúpalẹ̀ tí ó ń rí sí ọjà Amẹ́ríkà nìkan. Wọ́n kọ òfin sórí DimGeography pé ìlà tí àmì orílẹ̀-èdè rẹ̀ jẹ́ US nìkan ni ẹni tí ó wà nípò yìí lè rí. Òfin yìí kì í ṣe aṣọ ìkélé. Ibi yòówù kí aṣàmúlò náà gbà wọlé, kọ̀ǹpútà kò ní fi ìlà tí ó jẹ́ ti Jámánì tàbí ti Kánádà hàn án.

Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ ohun kan nípa òpó DimCustomer. Nínú àwọn oníbàárà 18,484, àwọn 7,819 ni wọ́n ń gbé ní Amẹ́ríkà. Orúkọ gbogbo 7,819 yìí, fóònù wọn àti owó tí ń wọlé fún wọn, ṣí sílẹ̀ fún olùtúpalẹ̀ náà. Kò nílò ju pé kí ó yan orúkọ àwòṣe odindi dípò orúkọ ojú-ìwòye, orúkọ méjèèjì sì jọ wà lórí àtẹ kan náà nígbà tí Excel bá ń béèrè ohun tí ó fẹ́ ṣí. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè DAX kò tilẹ̀ nílò kí ó yan òmíràn. Yóò pe orúkọ tábìlì náà, tábìlì náà yóò sì jẹ́ ẹ. Ọdún 2017 yìí kan náà ni Analysis Services bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni láyè láti ti odindi tábìlì tàbí òpó kan pa mọ́ ipò kan, tí ẹni tí ó wà nípò náà kò fi ní mọ̀ pé ó wà. Irinṣẹ́ tí ó yẹ DimCustomer wà nílẹ̀. Aṣọ ìkélé ni ẹ̀kọ́ náà ta bò ó.

Tábìlì tí ó pamọ́ tí ó sì ń ṣiṣẹ́

Ọ̀rọ̀ ààbò kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Àléébù kan wà tí ó jinlẹ̀ jù ú lọ, òun ni ó sì kan lámèyítọ́ jù, nítorí ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ ni.

Báwo ni ìlú ṣe so mọ́ ọjà nínú àwòṣe yìí? DimGeography kò so mọ́ FactInternetSales tààrà. Ó so mọ́ DimCustomer, DimCustomer ni ó sì so mọ́ FactInternetSales. Oníbàárà ni afárá. Òfin tí ó ní Amẹ́ríkà nìkan ni kí olùtúpalẹ̀ rí gba orí afárá yìí kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọjà. Bí DimCustomer bá kúrò nínú àwòṣe lóòótọ́, ìlú àti ọjà kò ní mọ ara wọn mọ́. Nínú ojú-ìwòye Internet Sales, afárá yìí pamọ́, èrò sì ń gba orí rẹ̀ kọjá.

Ẹni tí ó bá jókòó sínú ojú-ìwòye náà yóò rí ìlú, yóò rí iye ọjà, yóò sì fa méjèèjì pọ̀. Nọ́ńbà yóò jáde. Ìbéèrè ni pé, ìlú wo nìyẹn? Ṣé ìlú tí ilé ìkẹ́rùsí wà ni? Ṣé ìlú tí wọ́n fi ọjà ránṣẹ́ sí ni? Ìlú tí àdírẹ́sì oníbàárà wà ni. Ohun tí ó lè sọ èyí fún aṣàmúlò ni DimCustomer tí ó wà láàárín, òun ni wọ́n sì gbé kúrò lójú rẹ̀. Nínú àká dátà Adventure Works kan náà, DimGeography yìí so mọ́ àwọn alágbàtà pẹ̀lú nípasẹ̀ DimReseller. Nínú àwòṣe tí wọ́n bá fi ọjà alágbàtà ṣe, orúkọ ìlú kan náà yóò túmọ̀ sí ibi tí ṣọ́ọ̀bù alágbàtà wà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìtumọ̀ méjì, alájọgbé tí ó lè la ìtumọ̀ náà sì wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Bí ọ̀gá kan bá rí i pé ọjà ìlú kan lọ sókè, tí ó sì torí rẹ̀ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí síbẹ̀, nọ́ńbà kò parọ́ fún un. Ohun tí wọ́n gé kúrò ni ó ṣì í lọ́nà.

Akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ mọ irú nǹkan yìí dáadáa. Asọ̀tàn kò nílò irọ́ pípa kí ó tó ṣi òǹkàwé lọ́nà. Bí ó bá fo ìran kan ṣoṣo, ìran tí ó tẹ̀ lé e yóò gba ìtumọ̀ mìíràn. Ẹni tí ó ń dá ojú-ìwòye dátà sílẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ asọ̀tàn, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ìṣẹ́jú 5 kéré fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Orúkọ ojú-ìwòye àti àbójútó rẹ̀

Àwòṣe Adventure Works mìíràn, èyí tí ó jẹ́ ti ìlànà àtijọ́ nínú Analysis Services, ní ojú-ìwòye tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lára wọn ni Channel Sales, Direct Sales, Finance, Sales Summary àti Sales Targets. Ó tọ́ kí ènìyàn wo àwọn orúkọ wọ̀nyí dáadáa. Sales Summary sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀: àkópọ̀ ọjà. Finance kò sọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọ́fíìsì ni. Ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìnáwó tí ó bá rí i yóò rò pé yàrá àwọn kan ni, pé òun kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìnáwó náà yóò sì rò pé wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá òun. Èrò méjèèjì kò tọ̀nà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí aṣọ ìkélé jẹ́ aṣọ ìkélé lójú gbogbo ènìyàn kò gbọdọ̀ sọ ọ́ ní orúkọ yàrá. Ìbéèrè tí ojú-ìwòye wà láti dáhùn ni ó yẹ kí ó jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Àbójútó tún nìyẹn, òun ni ẹ̀kọ́ náà kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ojú-ìwòye a máa gbó. Bí wọ́n bá fi àmì sí òpó àti òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, òṣùwọ̀n tuntun tí wọ́n bá dá lẹ́yìn ìgbà náà kò ní hàn nínú ojú-ìwòye àtijọ́ títí ẹnìkan yóò fi padà lọ fi àmì sí i. Aṣàmúlò kò ní mọ̀ pé òṣùwọ̀n náà ti wà. Yóò jókòó ti Excel, yóò ṣe ìṣirò tirẹ̀, ìṣirò náà yóò sì yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àwòṣe, bóyá nítorí pé ó gbàgbé láti yọ ọjà tí wọ́n dá padà. Báyìí ni ìwé méjì tí àròpọ̀ wọn kò dọ́gba yóò ṣe tún padà sí orí tábìlì ìpàdé. Ojú-ìwòye ni wọ́n fẹ́ fi lé e lọ, òun náà ni ó sì gbà á padà wọlé. Gbogbo ojú-ìwòye ni ó yẹ kí ó ní ẹnìkan tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí àwòṣe bá yí padà.

Ohun tí ó kan olùkọ́

Ó rọrùn láti sọ pé iléeṣẹ́ ńlá ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Power BI, tí ó jáde ní 2015, ń lo irú ẹ̀rọ àwòṣe tí Analysis Services ń lò, ó sì ń fúnni láyè bákan náà láti fi òpó pamọ́ láìtì í. Excel tí ó wà ní ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé tí ó fi ojú-ewé kan pamọ́ nínú fáìlì Excel kí ó tó fi í ránṣẹ́ sí àwọn òbí ti ta aṣọ ìkélé bo máàkì gbogbo kíláàsì. Ẹni tí ó bá tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí orúkọ ojú-ewé tí ó kù, tí ó ní kí èyí tí ó pamọ́ jáde, yóò rí i.

Òfin ti dé bá ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà. Àjọ NITDA gbé ìlànà lórí ààbò dátà jáde ní 2019, ìjọba àpapọ̀ sì sọ ọ̀rọ̀ náà di òfin ní 2023. Lára ohun tí òfin ti 2023 béèrè ni pé kí dátà ènìyàn tí wọ́n ń kó jọ má kọjá ìwọ̀n tí iṣẹ́ náà nílò. Bí wọ́n bá gbé ìbéèrè yìí ka iwájú ẹ̀kọ́ Adventure Works, ẹ̀kọ́ kejì ni yóò dáhùn, níbi tí wọ́n ti ń yan ohun tí yóò wọlé. Ẹ̀kọ́ kẹjọ kò ní ìdáhùn kankan, nítorí dátà ti wọlé kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ lo ẹ̀kọ́ yìí nínú kíláàsì lè yí ètò rẹ̀ padà láìkọ ọ́ tuntun: kí ó padà sí ẹ̀kọ́ kejì, kí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ìdí tí fóònù àti ọjọ́ ìbí fi wọlé, kí wọ́n yọ èyí tí kò ní ìdí, kí wọ́n sì fi ipò ti èyí tí ó kù kí wọ́n tó fọwọ́ kan ojú-ìwòye.

Ìdánwò rẹ̀ kò le. Nínú irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe àwòṣe náà, bọ́tìnì kan wà tí ó ń ṣí Excel kí ẹni tí ó ṣe àwòṣe lè fi ojú aṣàmúlò wò ó. Fèrèsé tí ó kọ́kọ́ jáde ń béèrè ohun méjì: ipò wo, àti ojú-ìwòye wo. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá yan ipò olùtúpalẹ̀ Amẹ́ríkà àti ojú-ìwòye Internet Sales papọ̀, DimCustomer kò ní hàn, kò sì ní mọ èwo nínú méjèèjì ni ó gbé e pamọ́. Kí ó ti fáìlì náà, kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Kí ó yan ipò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n kí ó fi ojú-ìwòye sílẹ̀ sórí àwòṣe odindi, kí ó sì ka orúkọ àwọn tábìlì tí ó jáde lápá ọ̀tún láti òkè dé ìsàlẹ̀.